Àwọn Tí Wọ́n Bẹ̀rẹ̀ Pẹ̀lú Wa Dà? Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Aṣáájú Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fi ìwé kíkà ṣe àkọ́kọ́ àṣẹ tí Ó pa fún Ànábì wa Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kí ó máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹni tí ó tọ ojú ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìgbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, pàápàá jùlọ ẹ̀yin tí a fi ṣe Àmíírù àti Àmíírà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí sáà yín bá parí, tí ẹ bá dúró níwájú jámáà láti ka iṣẹ́ tí ẹ ṣe, ẹ máa ń ka iye wáàsí tí ẹ ṣètò, iye ìwé ìléwọ́ tí ẹ tẹ̀, àti iye owó tí ẹ rí kó jọ fún àtúnṣe mọ́sálásí. Ó dára, Ọlọ́hun yóò gbà á ní iṣẹ́ rere. Ṣùgbọ́n nínú àwọn arákùnrin àti arábìnrin yín tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé lójú yín, mélòó ni ó parí? Mélòó ni ó fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì mọ ọjọ́ tí ó lọ? Èrò tèmi ni pé ìbéèrè yìí gan-an ni òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí a máa fi wọn aṣáájú akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn baba wa kò kórìíra ìmọ̀. Ilé-kéwú ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí òyìnbó tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ ìwé òyìnbó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni ó wà. Ní 1859 ni ìjọ CMS dá Grammar School sílẹ̀ ní Èkó. Ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí bẹ̀rù pé bí ọmọ àwọn bá wọlé pẹ̀lú orúkọ Mùsùlùmí, orúkọ mìíràn ni yóò bá jáde. Ó di 1896 kí ìjọba tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, ó di 1923 kí ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen tó bẹ̀rẹ̀, ó sì di 1954 kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó dá ẹgbẹ́ MSSN sílẹ̀. Àlàfo tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣí, kò lè dí ní ọjọ́ kan.

Lónìí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, àwọn ọmọ wa ń kún inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gòkè kúrò níbẹ̀, ẹ wò yíká yín, ẹ ó rí i pé ojú irú ènìyàn méjì máa ń ṣọ̀wọ́n. Àkọ́kọ́ ni arábìnrin tí ó wọ hìjáàbù, pàápàá èyí tí ó ti di ìyá ọmọ. Èkejì ni ọmọ ilé-kéwú, tí ó kàwé Lárúbáwá ní Àgége tàbí ní Ìlọrin, tí ó gba ọ̀nà ìwé-ẹ̀rí dípúlómà wọ yunifásítì, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì já geere bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá gba oyè ọ̀mọ̀wé kò lè gun àkàsọ̀ olùkọ́ yunifásítì jìnnà. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá sí lórí àkàsọ̀ náà, ta ni yóò sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí a ó kọ́ àwọn ọmọ wa? Nígbà tí ẹjọ́ hìjáàbù àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé ìjọba ní Èkó dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà, tí a sì dá wa láre ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìmọ̀ òfin ni a fi jà á, kì í ṣe ariwo.

Kí ni ó máa ń dá wọn padà lójú ọ̀nà? Kì í ṣe àìlóye. Ẹni tí kò lóye kò lè dé ibẹ̀ rárá. Ní oyè àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹgbẹ́: wọ́n jọ ń lọ sí kíláàsì, wọ́n jọ ń gbé ilé, wọ́n jọ ń bẹ̀rù ìdánwò. Ní oyè kejì, ẹ̀kọ́ inú kíláàsì á parí láàárín ìgbà díẹ̀, ó wá ku akẹ́kọ̀ọ́ àti iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, àti olùkọ́ kan ṣoṣo tí ó ń bójú tó o. Bí olùkọ́ yìí bá rìnrìn-àjò, tàbí tí ó da ìwé rẹ̀ padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ líle, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí òun náà rí. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń gòkè, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ń pè é, ọmọ ń ṣàìsàn nílé. Ní ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù mẹ́jọ gbáko, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Ẹni tí ó dá nìkan wà nínú irú oṣù mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ kì í sọ pé òun fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Yóò sọ pé òun ń sinmi díẹ̀. Ìsinmi náà ni kì í tán.

Kí ni àwa ń ṣe fún wọn? Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Nígbà tí ọmọ tuntun bá wọ ọdún kìíní, ẹ máa ń lọ pàdé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ẹ máa ń bá a wá ilé, ẹ sì máa ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún un kí ìdánwò tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí ó ń ṣe oyè kejì bá dé, àgbà ni a sọ ọ́ dà lójú ẹsẹ̀. A ó pè é kí ó wá bá wa sọ̀rọ̀, a ó gbé àpò ìdáwó síwájú rẹ̀, a ó sì máa pè é ní ọ̀gá. Ẹnikẹ́ni kò ní béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá bóyá ó ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún yìí. Ọlá tí kò ní ìtọ́jú nínú, ìyà ni.

Ẹ̀sìn wa kò fi wá sílẹ̀ láìní àpẹẹrẹ. Nígbà tí àwọn Muhájírúnà dé Mẹ̀dínà láìní ilé láìní ọ̀nà, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) so olúkúlùkù wọn pọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn Ansọ́ọ̀rì ní ọmọ ìyá. Kò sọ fún gbogbo ìlú pé kí wọ́n ṣàánú gbogbo àlejò, nítorí iṣẹ́ gbogbo ènìyàn kì í pẹ́ di iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni àwọn ará Súfà, àwọn tálákà tí wọ́n ń gbé inú mọ́sálásí Ànábì tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́, tí àwọn sàhábà sì ń pín wọn mú lọ sílé láti jẹun alẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Abu Hurayra. Bí ebi bá ti lé e kúrò nínú mọ́sálásí náà, ẹ ro iye hádíìsì tí ìbá ti sọnù mọ́ wa lọ́wọ́.

Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn tún sọ ọ́ di ètò. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ti Baghdad, Damascus àti Cairo, ipò kan wà tí à ń pè ní mu'id: akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa tún ẹ̀kọ́ olùkọ́ sọ fún àwọn tí kò yé. Ní Al-Azhar, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn ní riwaq tiwọn, èyí tí í ṣe apá ibi tí wọ́n ń gbé tí wọ́n sì ti ń kàwé, pẹ̀lú olórí tiwọn àti ìpín búrẹ́dì tiwọn. Àwọn ará Bornu, láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, wà lára àwọn tí ó ní i. Ọmọ Bornu tí ó dé Cairo kò sọnù sínú èrò, nítorí pé ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ̀ bí ó bá jí tàbí kò jí.

Ẹ̀yin arábìnrin, tiyín tún sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nana Asma'u, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tí a bí ní 1793 tí ó sì kú ní 1864, ṣètò àwọn obìnrin tí à ń pè ní Yan Taru. Àwọn obìnrin abúlé ní aṣáájú kan, Jaji, tí ó ń kó wọn wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì ń bá wọn tún ẹ̀kọ́ náà kà nígbà tí wọ́n bá padà délé. Nana Asma'u fún Jaji ní àkẹtẹ̀ ńlá kan gẹ́gẹ́ bí àmì ipò rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé obìnrin yìí ní àṣẹ. Ẹ ṣe àkíyèsí rẹ̀: kò fún un ní orúkọ láìfún un ní iṣẹ́, kò sì fún un ní iṣẹ́ láìfún un ní àṣẹ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí rèé. Èkíní, kí ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ yín máa tọ́jú ìwé orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí tí ó ń ṣe oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé, kí ó sì kàn sí olúkúlùkù wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó kéré tán. Èkejì, ẹ so ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ ẹnìkan tí ó ti síwájú rẹ̀ ní ọdún kan tàbí méjì. Ẹ̀kẹta, kí ìjókòó ìkàwé kan wà lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àsírì ọjọ́ Sátidé, níbi tí olúkúlùkù yóò ti gbé ojú-ìwé díẹ̀ tí ó kọ wá, tí ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa yóò bá ọmọ ilé-kéwú tún tirẹ̀ ṣe, tí ọmọ ilé-kéwú yóò sì la ìwé Lárúbáwá yé òun náà. Ẹ̀kẹrin, ẹ yan Àmíírà fún àwọn arábìnrin tí ó wà ní ìpele yìí, ẹ sì fún un ní owó tí ó lè ná láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ ọdún kẹta: kí ó lè wá ẹni tí yóò bá wọn mú ọmọ dání nígbà ìjókòó, kí ó sì lè bá arábìnrin tí ó bímọ lọ sí ọ́fíìsì láti tọrọ àfikún àsìkò. Ẹ̀karùn-ún, kí àpótí kan wà fún owó ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé a lè fún aláìní tí ó fi gbogbo àsìkò rẹ̀ wá ìmọ̀ ní sàká. Ní ti sàráà, kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀ rárá.

Ẹnìkan yóò sọ pé oyè ẹgbẹ́ gan-an ni ó ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Òtítọ́ ni, mo ti rí Àmíírù tí ó kó gbogbo ènìyàn lọ sí yàrá ìdánwò tí òun fúnra rẹ̀ sì fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n oyè tí kò ní ààlà ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fún ènìyàn kan ní iṣẹ́ kan ṣoṣo fún ọdún kan ṣoṣo, iṣẹ́ tí ó bá ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ. Bí ìwádìí rẹ̀ bá sì ti dé orí ìparí, ẹ fi ọpẹ́ gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ipò bẹ́ẹ̀ á máa dá ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ gan-an dúró. Ẹni tí àwọn mẹ́ta ń retí ní ọjọ́ Sátidé, kò rọrùn fún un láti pòórá.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé ẹ̀tanú ni, pé àwọn tiwa nìkan ni a ń tọ́jú. Rárá o. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe Mùsùlùmí bá fẹ́ jókòó nínú ẹgbẹ́ ìkàwé náà, ẹ fún un ní àyè, ẹ̀tọ́ aládùúgbò ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn ka àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ní alẹ́ kí ó tó ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa àgbà. Ẹ̀yin ọkọ, bí ẹ bá fẹ́ arábìnrin tí ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, tí ẹ sì gbà níwájú àwọn òbí rẹ̀ pé yóò parí rẹ̀, àdéhùn ni ẹ ṣe, Ọlọ́hun yóò sì béèrè àdéhùn. Ẹ̀yin lèmọ́mù ẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí a máa fi minbari bá obìnrin wí pé ìwé rẹ̀ ti pọ̀ jù, kí a tún wá máa wá dókítà obìnrin Mùsùlùmí nígbà tí ìyàwó wa bá ń rọbí.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní òpin sáà yín, ẹ̀yin Àmíírù àti Àmíírà, ẹ gbé ìwé orúkọ náà dání wá síwájú jámáà. Ẹ ka orúkọ àwọn tí ó parí, kí a bá wọn yọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka orúkọ àwọn tí ó ti dúró, kí a mọ ilé tí a ó lọ ní ọjọ́ kejì.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní, kí Ó sì má ṣe jẹ́ kí ọmọ wa kankan dá nìkan rìn ní ojú ọ̀nà rẹ̀. Àmín.