Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Ògùn Ní Ìwé Ìròyìn Tiwọn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá àwọn olùkọ́ àti àwọn aṣáájú wa ní Òkè-Ògùn sọ, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, láti Òkèihò títí dé Kíṣì. Ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí lọ: ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ilé-ẹ̀kọ́ girama kọ̀ọ̀kan ní agbègbè yìí ní ìwé ìròyìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ, tí wọ́n sì fi orúkọ ara wọn sí.

Ẹni tí ó bá mọ Ìsẹ́yìn mọ bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ òfì. A kì í fi ẹnu lásán kọ́ ọmọ ní aṣọ híhun. Ìdí òfì ni ọmọ ń jókòó sí. Òwú yóò já mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀gá yóò fi bí a ti ń so ó hàn án, títí aṣọ yóò fi gún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé kíkọ rí. Àròkọ tí ọmọ kọ fún olùkọ́ nìkan, máàkì ni ó ń wá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kọ fún ojú gbogbo ènìyàn, ó mọ̀ pé wọn yóò jiyàn lé e lórí, wọn yóò sì bi òun léèrè. Níbẹ̀ ni ìfẹ́ ìwé kíkọ ti ń wọ inú ọkàn.

Àwa náà rí èyí nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ìwé ìròyìn wa kò ju abala ìwé mẹ́rin tí a lẹ̀ mọ́ pátákó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí a kọ nípa kànga tí ó gbẹ nínú ọgbà, àwọn tí kì í ka nǹkan kan àfi tí ìdánwò bá dé pé jọ sídìí pátákó náà, wọ́n ń kà á sókè. Àwọn aláṣẹ fa ìwé náà ya ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kí sáà tó parí, wọ́n ti gbẹ́ kànga náà jìn sí i. Láti ìgbà náà ni a ti mọ iṣẹ́ tí a ó ṣe.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Chinua Achebe wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1948 láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ṣùgbọ́n ó yí padà sí ẹ̀kọ́ mìíràn. Ó kọ ìtàn sínú University Herald, ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, ó sì di olóòtú rẹ̀. Ní 1958, ọdún tí Things Fall Apart jáde, J. P. Clark dá The Horn sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà fún ewì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nínú èdè tiwa, D. O. Fágúnwà kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́, kí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀ròyìn, kí ó tó dá Tribune sílẹ̀ ní 1949. Iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Àwọn kan yóò wí pé fóònù ti gba ipò ìwé ìròyìn. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ wa ń kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù tọ̀sán tòru. Ṣùgbọ́n ta ni ń bi wọ́n pé, "Ta ni ó sọ fún ọ? Ṣé o dé ibẹ̀?" Olóòtú ni ń béèrè bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a kò bi ní ìbéèrè yìí rí, bí ó bá dàgbà tán, yóò máa gbé irọ́ kiri láìmọ̀.

Ẹ wo ohun tí ó wà nílẹ̀ láti kọ. Igbó Ọba wà ní Ìgbòho, níbi tí a sin Aláàfin mẹ́rin sí. Iye tí àgbẹ̀ ń ta ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wà níbẹ̀, àti ọ̀nà oko tí òjò ń wọ́ lọ. Bí ọmọ Òkè-Ògùn kò bá kọ ọ́, àlejò ni yóò kọ ọ́ bí ó ti wù ú.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún wọn ní pátákó kan, kí abala kan ó kéré tán jẹ́ ti èdè Yorùbá. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe fa ìwé ya nítorí pé ó sọ òtítọ́. Bí ó bá ṣì sọ, ẹ kọ èsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ fi owó bébà àti yíǹkì ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ ìwé àwọn ọmọ di agbẹnusọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń ṣe rere kò níí sá fún ọmọ tí ó mọ ìwé í kọ.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí Òkè-Ògùn má ṣe dákẹ́.