Kí Ni Ẹ Fi Ń Bo Ebè?

Arákùnrin kan tó ń gbin tòmátì àti ata bi mí léèrè bóyá ó yẹ kí òun yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi ra ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń tẹ́ sórí ebè. Mo ní kí ó dúró ná.

Lóòótọ́, ọ̀rá yìí ń ṣiṣẹ́. Kì í jẹ́ kí èpò hù, ó sì ń pa omi mọ́ sínú ilẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ olótùútù fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ń mú ilẹ̀ móoru. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ó ń wá ooru kún ooru? Lẹ́yìn ìkórè ńkọ́? Yíya ni yóò máa ya, kò ní jẹrà. Àwọn ará Ṣáínà ti ń tẹ́ ẹ sóko láti nǹkan bí 1978, àkísà ọ̀rá sì kún inú ilẹ̀ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba wọn fi pàṣẹ ní 2017 pé kò gbọ́dọ̀ tínrín ju 0.01 mìlímítà lọ, kí ó lè ṣeé ká kúrò.

Oríṣi kan wà nísinsìnyí tí wọ́n ń po sítáàṣì àgbàdo mọ́, tí àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń jẹ nínú ilẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ṣe òṣùwọ̀n fún un ní 2018. Ó dára, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tó kàn ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń purọ́ pé ó ń jẹrà. Àwọn ará Yúróòpù kan náà ti fòfin dè é láti 2021.

Àwọn baba wa ń fi koríko gbígbẹ dé orí ebè iṣu kí oòrùn má baà pa èèbù. Ọ̀mọ̀wé Rattan Lal, ọmọ Íńdíà, ṣiṣẹ́ ní IITA n'Ìbàdàn láti 1970 di 1987, ó sì fi hàn pé ilẹ̀ tí a fi pòròpórò àti koríko bò máa ń tutù, òjò kì í sì í tètè wọ́ ọ lọ. Ní 2020 wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé. Àwa ńkọ́? A ń dáná sun pòròpórò tán, a wá ń yáwó ra ọ̀rá! Iṣẹ́ méjì ni Ọlọ́run fún Ádámù nínú ọgbà (Jẹ́nẹ́sísì 2:15), ríro àti ìtọ́jú. Ríro nìkan ni púpọ̀ nínú wa gbà.

Ẹ gé koríko kí ó tó so èso, kí ẹ má baà fi ọwọ́ ara yín gbin èpò. Ẹ tẹ́ ẹ nípọn, ṣùgbọ́n kí ó má fara kan ìdí ata. Ewé àgúnmániyè ń bọ́ ilẹ̀ gidigidi, àmọ́ ó ń yára jẹrà, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ koríko. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ la ọ̀nà iná yí oko ká. Ẹni tó bá sì ti tẹ́ ọ̀rá tẹ́lẹ̀, kí ó ká a kúrò nígbà tó ṣì lódindi, kí ó má sun ún.