“A Ti Kìlọ̀ Fún Wọn”: Etí Ta Ni Ìkìlọ̀ Náà Dé?

Gbólóhùn kan wà tó máa ń yá àwọn aláṣẹ wa lẹ́nu nígbà tí omíyalé bá ti ṣọṣẹ́ tán: “A ti kìlọ̀ fún wọn.” Ní 2022, omi pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé èyí tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Ìjọba àpapọ̀ ní ìkìlọ̀ ti tó, pé àwọn ìpínlẹ̀ ni kò kọbi ara sí i. Mo gbà pé wọ́n kìlọ̀. Etí ta ni ìkìlọ̀ ọ̀hún wá dé?

Òfin 2003 ló dá NiMet sílẹ̀, àjọ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ fún wa, abẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú ló sì wà. Nínú ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń yọ lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ni wọ́n ti ń pín díẹ̀ fún un. Abájọ tó fi jẹ́ pé àwọn bàálù ló ń rí ojú rẹ̀ jù. Ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ń wọn afẹ́fẹ́, wọ́n ń wo ìkùukùu, wọ́n sì ń fi àbọ̀ jẹ́ awakọ̀ kó tó gbéra. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rántí bàálù tó já ní Port Harcourt ní 2005 àti ní Àbújá ní 2006 kò ní ní kí wọ́n dín in kù.

Àgbẹ̀ tó wà ní Ìsẹ́yìn ńkọ́? Tirẹ̀ ni àsọtẹ́lẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, èyí tí wọ́n ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní Àbújá pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́lá. Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá pàápàá, mo sì yìn wọ́n fún un. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nígbà ọyẹ́ kò lè sọ ohun tí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yóò mú wá. Àkọ́rọ̀ rọ̀, àgbẹ̀ gbin àgbàdo, ọ̀dá sì dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Irúgbìn kú sínú ebè, ó di kó lọ ra òmíràn láwìn. Ohun tó ṣe pàtàkì sí i ni kó mọ̀ bóyá òjò yìí dúró tàbí ó kàn ń kọjá lọ.

Ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ògùnpa ya lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún pa èèyàn tó lé ní 100. Wákàtí mélòó kan péré ni irú òjò bẹ́ẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Síbẹ̀, NiMet ló ń sọ ti òjò, àjọ mìíràn lábẹ́ iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi ló ń sọ ti odò, bí ẹni pé omi tó wá láti òkè yàtọ̀ sí èyí tó ń wọ yàrá.

Ẹ wo Bangladesh. Ní 1970, nígbà tó ṣì jẹ́ apá kan Pakistan, ìjì òkun kan pa èèyàn tí kò dín ní 300,000 níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba àti Red Cross kọ́ àwọn ará abúlé fúnra wọn ní iṣẹ́ ìkìlọ̀: gbohùngbohùn lọ́wọ́, àsíá lórí òpó, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tí ìjì Amphan dé ní 2020, àwọn tó kú ní Bangladesh kò tó àádọ́ta. Ọlọ́rọ̀ kọ́ ni wọ́n.

Kí ló wọ́n wa níbí? Rédíò ń sọ Yorùbá láti ìdájí dòru. Gbohùngbohùn wà ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù tó ń fi tẹ́tẹ́ àti orin dà wá láàmú lè fi ìkìlọ̀ òjò ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ bí òfin bá pàṣẹ fún wọn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ní kí ìkìlọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn láyé kí ọdún 2027 tó parí.

Títí dìgbà náà, ẹ̀yin akọ̀ròyìn, bí kọmíṣọ́nnà bá tún dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó wó tó ní àwọn ti kìlọ̀, ẹ bi í ní aago tí wọ́n kìlọ̀, rédíò tí wọ́n gbà kìlọ̀, àti èdè tí wọ́n fi sọ ọ́.