Ẹ Má Ṣe Fi Ìkánjú Pa Kọ̀ǹpútà

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni a fẹ́ fi rán àwọn ènìyàn wa ní Àbíjàn létí, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò àti àwọn Yorùbá yòókù tí ń ṣòwò ní Treichville àti Adjamé. Ẹni tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ọjà àti gbèsè nínú wọn ṣe ohun tí ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ń ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ tí ó sì pẹ́, tí oníbàárà sì dúró tì í, kò yẹ kí ó fi ìbínú fa okùn iná yọ. Ẹ̀rọ tí a ṣe bẹ́ẹ̀ sí lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ mọ́, ìṣirò ọdún kan sì lè bá a lọ.

Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ó ń fa ìpẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ọ̀wọ́n láti Àbíjàn títí dé Èkó. Ní ọdún 2021 ẹ̀wẹ̀, àìtó iná mànàmáná mú kí a máa pín in ní wákàtí-wákàtí. Níbi tí irú èyí ti lè ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí a mọ ìgbà tí a lè dá àtúnṣe dúró àti ìgbà tí a kò gbọdọ̀ dán an wò.

Apá méjì ni iṣẹ́ náà ní. Èkíní ni gbígba àtúnṣe wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí kò léwu láti dá dúró: Windows ní ibi tí a ti lè sọ fún un pé kí ó sinmi fún ọjọ́ díẹ̀. Èkejì ni fífi àtúnṣe náà sípò, nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ ọ́ sójú pé kí a má ṣe pa òun. Ẹni tí ó ṣí òrùlé láti kan páànù tuntun kò gbọdọ̀ sá lọ nígbà tí òjò ṣú.

Bí ó bá dàbí ẹni pé ẹ̀rọ ti kú, kí a fún un ní wákàtí púpọ̀, àní títí di ọjọ́ kejì. Bí ohun tí ó kọ sójú kò bá yí padà rárá, tí iná kékeré tí ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ sì ti dúró, kí a tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú, kí a sì tún un tàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, Windows yóò fúnra rẹ̀ padà sí ipò àtijọ́. Bí ó bá kùnà léraléra, ibi ìtúnṣe yóò yọ sójú rẹ̀, níbi tí a ti lè yọ àtúnṣe ìkẹyìn kúrò. Ohun kan ṣoṣo ni a yọ sílẹ̀: ètò tí ó wà nínú pátákó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tí a ń pè ní BIOS. Bí a bá dá àtúnṣe rẹ̀ dúró lágbedeméjì, kọ̀ǹpútà náà lè má tàn mọ́.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú kọ gbogbo àtúnṣe sílẹ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017 ni Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò gbà á ni àrùn kọ̀ǹpútà WannaCry mú ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, tí iṣẹ́ fi dàrú ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí olúkúlùkù ṣe ẹ̀dà ìṣirò rẹ̀ sí ibòmíràn ṣáájú, kí bátìrì kún, kí ó sì jẹ́ ìgbà tí a bá ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ ni àtúnṣe yóò bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀yin ọ̀gá kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní èyí pẹ̀lú, nítorí àwọn ni wọ́n sábà máa ń wà nítòsí okùn iná.