Dídín Ọmú Kù Nítorí Ìrora Kì í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀



Bí arábìnrin kan láàárín wa ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbí bá sọ pé òun fẹ́ kí dókítà dín ọmú òun kù, kíá ni àwọn kan yóò sọ pé ó fẹ́ yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Èmi kò fara mọ́ èrò yìí. Ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ ni kí ènìyàn yí ìrísí ara rẹ̀ padà nítorí ẹwà lásán. Ti ìwòsàn yàtọ̀, nítorí Ọ̀jíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pa á láṣẹ pé kí a wá ìtọ́jú. Obìnrin tí ọrùn àti ẹ̀yìn ń dùn lójoojúmọ́, tí okùn kọ́mú ti gé èjìká rẹ̀ wọlé, tí awọ abẹ́ ọmú rẹ̀ ń bó, ẹwà wo ni ó ń wá?

Wọ́n á ní kí ó ra kọ́mú tó dára, kí ó sì dín sísanra kù. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002 fi hàn pé irú ìwọ̀nyí kì í mú ìtura tó tọ́jọ́ wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ń mú un wá. NHS England kì í náwó sórí ẹwà. Síbẹ̀, ìlànà rẹ̀ ti 2018 fàyè gba iṣẹ́ abẹ yìí fún ẹni tí ìrora ń dà láàmú, bí, lára àwọn ohun mìíràn, ẹran tí a ó yọ bá tó 500 gíráàmù ní ọmú kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nínú ọ̀nà tó wọ́pọ̀, dókítà máa ń fi ẹran díẹ̀ sílẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ yóò máa gbà dé orí ọmú. Bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá tó, orí ọmú lè kú, bí èyí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ni kí ojú abẹ pẹ́ kí ó tó jinná, pàápàá nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé. Àpá kì í parẹ́ tán, ó sì lè wú lára àwa aláwọ̀ dúdú. Orí ọmú lè kú tipiri, wàrà sì lè má tó ọmọ mọ́. Sìgá mímu ń mú ewu pọ̀ sí i. Kí arábìnrin béèrè gbogbo èyí kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ̀yin ààfáà wa, ẹ gbọ́ ti aláìsàn àti ti dókítà kí ẹ tó dájọ́. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Kí Ọlọ́hun fún àwọn tí ara ń ni ní àlàáfíà, àmín.