Kí Rẹfirí Má Dúró De Ìṣẹ́jú Ìgbẹ̀yìn

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ní ìlú Melbourne, àmì 37 sí 34 ni Australia fi ń ṣíwájú New Zealand nínú ìdíje rugby tí wọ́n ń pè ní Bledisloe Cup. Eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Wọ́n fún Australia ní pẹ̀nárítì nítòsí ilé tiwọn gan-an, ohun tó kù kò ju kí Bernard Foley ta bọ́ọ̀lù jìnnà sí ewu. Foley ń falẹ̀. Mathieu Raynal, rẹfirí ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá aago dúró, ó kìlọ̀, ó tún jẹ́ kí aago máa lọ, ó ní kí wọ́n gbá a. Nígbà tí Foley kò yára síbẹ̀, Raynal fọn fèrè, ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Australia, ó fún New Zealand ní scrum, ìyẹn èyí tí agbábọ́ọ̀lù mẹ́jọ mẹ́jọ ti máa ń dìmọ́ra, tí wọ́n á máa ti ara wọn nítorí bọ́ọ̀lù. Kò pẹ́ tí Jordie Barrett ti New Zealand fi gbé bọ́ọ̀lù sọlẹ̀ lẹ́yìn ìlà Australia, eré sì parí sí 39 sí 37. Ọ̀pọ̀ ló bínú pé Raynal já ìṣẹ́gun gbà mọ́ Australia lọ́wọ́. Lójú tèmi, Raynal kò ṣẹ̀. Òfin sọ pé kí wọ́n gbá pẹ̀nárítì láìfi àkókò ṣòfò. Ohun tó mú kí ìdájọ́ náà dà bí ìrẹ́jẹ ni pé àwọn rẹfirí ti jẹ́ kí òfin yẹn sùn tipẹ́tipẹ́, débi pé ọjọ́ tí ẹnì kan jí i, ó ba gbogbo ayé lẹ́rù.

Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kàn dá aago dúró. Nínú rugby, wọ́n ń dá a dúró bí ẹnì kan bá farapa tàbí bí wọ́n bá ń yẹ fídíò wò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àkókò nìkan ni ẹni tó ń fi eré falẹ̀ ń wá. Èémí ló ń wá. Àwọn géńdé tó ń dìmọ́ra níwájú, ọ̀pọ̀ nínú wọn wúwo ju kílò 110 lọ. Bí ikọ̀ kan bá ń sáré tí wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù kíákíá, ó máa ń rẹ àwọn alátakò tó wúwo, ibẹ̀ ni àyè sì ti ń ṣí sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni okùn bàtà ẹnì kan máa tú, tí orúnkún ẹlòmíràn á máa ro ó, tí àwọn tó kù á rọra máa rìn lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé. Dídá aago dúró kò gba ẹ̀tọ́ ikọ̀ tó ń sáré padà. Ìsinmi ló tún ń fi kún ti ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nínú ìṣẹ́jú 80 eré, àkókò tí bọ́ọ̀lù ń rìn lóòótọ́ kì í sábà tó 40. Ní Cape Town, ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2021, abala kìn-ín-ní eré South Africa àti Lions ti Britain àti Ireland gbà ju wákàtí kan lọ, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 40 ló yẹ kó gbà. Omi náà jẹ́ ọ̀nà mìíràn láti rí ìsinmi: nínú ọ̀wọ́ ìdíje yẹn kan náà ni Rassie Erasmus, olùdarí rugby South Africa, ń gbé omi wọ pápá fún àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́dún 2022, àjọ World Rugby dín àwọn tó ń gbé omi kù sí méjì fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá tàbí olùdarí má ṣe é mọ́.

Ibi tí àtúnṣe ti hàn kedere ni títa bọ́ọ̀lù sáàárín òpó. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n ti ń mú un le pé ẹni tó bá fẹ́ ta pẹ̀nárítì kò gbọ́dọ̀ kọjá ìṣẹ́jú àáyá 60. Àfikún tí wọ́n ń ta lẹ́yìn tí ẹnì kan bá gbé bọ́ọ̀lù sọlẹ̀ ní 90 nígbà náà, òun náà sì ti di 60 báyìí. Aago náà wà lójútáyé, òǹwòran ń rí i, atabọ́ọ̀lù ń rí i, kò sí ẹni tó ń bá rẹfirí jà lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ gba ẹ̀kọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òfin fi ní kí gólì má di bọ́ọ̀lù mú ju ìṣẹ́jú àáyá 6 lọ, àwọn rẹfirí ò sì kà á sí. Lọ́dún 2025 ni wọ́n sọ ọ́ di 8, rẹfirí á gbé ọwọ́ sókè, á máa fi ìka ka márùn-ún tó gbẹ̀yìn, kọ́nà sì ni ìyà rẹ̀. Ìyà tí kò pọ̀ jù ni rẹfirí máa ń láyà láti fi jẹni. Rugby náà ní irú rẹ̀: free kick ni ìyà ẹni tó bá ń fi àkókò ṣòfò, láti ọdún 2024 wọn ò sì lè sọ free kick di scrum mọ́. Kí rẹfirí ti fi free kick fìyà jẹ ikọ̀ tó ń falẹ̀ ní ìṣẹ́jú kẹwàá eré, lẹ́yìn ìkìlọ̀ kan ṣoṣo fún kápúténì. Kò ní ba eré ẹnikẹ́ni jẹ́, àwọn 30 tó wà lórí pápá á sì ti mọ irú ẹni tó mú fèrè dání. Bí wọ́n bá tún un ṣe, kó di pẹ̀nárítì. Bí wọn ò bá gbọ́, káàdì yẹ́lò wà lápò rẹ̀.

Àwọn kan á ní kò yẹ kí rẹfirí ló máa pinnu ẹni tó borí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n rẹfirí tó ń wo ikọ̀ tí ń rìn gbẹ̀rẹ̀ láìsọ̀rọ̀ ti pinnu nǹkan kan náà, fún ẹni tó ń rìn gbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìpalára ló ṣòro jù, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2009, agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ Harlequins kan jẹ ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá lẹ́nu kí wọ́n lè rí ẹni pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì lé Dean Richards tó ń darí wọn kúrò nínú rugby fún ọdún mẹ́ta. Ẹ̀tàn wà nítòótọ́. Síbẹ̀, bí rẹfirí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ẹni tó bá wó lulẹ̀, ọjọ́ kan ni yóò ní kí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti mì dìde kó máa sáré. Kí ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún dókítà. Orí, ọrùn, àti àwọn mẹ́ta tó wà níwájú scrum: kí eré dúró fún wọn nígbàkígbà. Ìpalára mìíràn, òfin ti gbà kí oníṣègùn wọlé tọ́jú rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ, kí rẹfirí jẹ́ kó máa lọ. Ohun tí mo fẹ́ kó fìyà jẹ ni ohun tó ń fojú rí láìsí iyèméjì: ìpàdé tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó tò láti ju bọ́ọ̀lù wọlé, bọ́ọ̀lù tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jù sẹ́yìn kí alátakò má bàa rí i gbá, àti scrum tí wọn ò fẹ́ dé ibẹ̀.

Rẹfirí nìkan ò lè ru ẹrù yìí. Lẹ́yìn gbogbo eré ńlá ni àwọn tó ń yan rẹfirí máa ń jókòó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ fífi eré falẹ̀ kún ohun tí wọ́n ń bi í, kí wọ́n sì dúró ti ẹni tó bá tètè fọn fèrè nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ń pariwo níwájú àwọn oníròyìn.