Ẹ Ka Èémí Aláìsàn Kí Ẹ Tó Ka Owó Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn àti ní gbogbo Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ ikú tí ó ṣeé dá dúró ni a mú wá lónìí.

Àgbẹ̀ fi àdá ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Abiyamọ bímọ tán, ibà mú un. A gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ọkàn wa sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn ti wọlé, ara sì ń fi ìjà náà ba ara rẹ̀ jẹ́, títí kíndìnrín àti ọkàn yóò fi kọ iṣẹ́. Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní sepsis. Ní ọdún 2017 nìkan, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ó ní ọwọ́ nínú ikú mílíọ̀nù 11 ènìyàn káàkiri ayé.

Ta ni kò mọ iná ọyẹ́ ní ilẹ̀ wa? Nígbà tí ó wà létí ọ̀nà, ewé tútù pa á. Bí ó bá ti gba oko, apá ìlú kò ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn yìí. Àmì rẹ̀ kò fara sin: kí àgbàlagbà máa mí tó ìgbà 22 ní ìṣẹ́jú kan, kí ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀, kí ọ̀rọ̀ dà rú lẹ́nu rẹ̀, kí ìtọ̀ rẹ̀ dín kù.

Àwọn kan ní ẹ̀rọ ńlá Ìbàdàn nìkan ni ó lè mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni! Aago ọwọ́, ẹ̀rọ ìfúnpá àti nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣọ́ aláìsàn tọ̀sán-tòru tó láti fura. Bí ìfúnpá bá já, oògùn apakòkòrò ní láti wọ iṣan láàárín wákàtí kan, omi pẹ̀lú, ní ìwọ̀n. Ṣakí sì jìnnà sí Ìbàdàn ju kìlómítà 150 lọ!

Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí ní Àbújá pé ìdá 15 nínú 100 owó ìjọba yóò máa lọ sí ìlera. Nàìjíríà tí ó gbà wọ́n lálejò kò mú un ṣẹ. Ẹbí aláìsàn ni ó ń sáré wá owó oògùn lóru.

Nítorí náà a béèrè pé: kí nọ́ọ̀sì pọ̀ tó, kí a máa ka èémí gbogbo aláìsàn, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí oògùn wákàtí àkọ́kọ́ wà nílẹ̀, kí a lò ó kí a tó béèrè owó. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í ní èyí. Owó ṣeé san lọ́la. Òkú kò ṣeé jí.